Gbọ̀ngàn Mápó: Kì Í Ṣe Ilé Ìnáwó Nìkan, Ọ̀rọ̀ Àwọn Àgbẹ̀ Wà Níbẹ̀

Tí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, àwọn tó ń lọ síbi ìnáwó láti Àkànrán, Ẹgbẹ́dá, Ìyànà-Ọ̀fà àti Mọ́níyà máa ń gun òkè Mápó n'Íbàdàn tàwọn ti aṣọ ẹbí wọn. Wọ́n á jẹun, wọ́n á jó, wọ́n á ya fọ́tò níwájú àwọn òpó ńláńlá yẹn, wọ́n á sì padà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí bàbá bàbá àwọn ti gun òkè yẹn rí, tí kì í sì í ṣe torí àríyá.

Ta ló kọ́ ọ, kí ni wọ́n sì kọ́ ọ fún?

Ọdún 1929, nígbà ìjọba òyìnbó, ni Captain Ross, tó jẹ́ àjẹ́lẹ̀ fún ẹkùn Ọ̀yọ́, ṣí gbọ̀ngàn náà. Ẹnjiníà tó kọ́ ọ ni Robert Jones, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Taffy. Wọn ò kọ́ ọ fún ìgbéyàwó o. Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Ìbàdàn fi ṣe ibùjókòó. Nígbà yẹn, kò tíì sí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrá tàbí ti Ẹgbẹ́dá. Ọdún 1989 ni wọ́n dá méjèèjì sílẹ̀. Ìbàdàn làwọn ará oko ń wò fún ọ̀rọ̀ owó-orí. Tí ẹnì kan lóko bá gbọ́ "Mápó", owó-orí ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn.

Ọdún 1968: àwọn àgbẹ̀ gun òkè

Lásìkò ogun abẹ́lé, owó-orí wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn. Owó kòkó ò tó nǹkan, ọ̀nà oko ò dáa, àwọn agbowó-orí sì ń fi ojú wọn rí màbo. Ìyẹn ló bí Àgbẹ́kọ̀yà, ìyẹn ni pé àgbẹ̀ kọ ìyà. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú wọn ni Táfà Adéoyè, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára Àkànrán.

Ohun tí wọ́n ń béèrè kò le: ọ̀kẹ́ mẹ́fà péré ni agbára àwọn ká lọ́dún. Nínú ìṣirò àwọn àgbà, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ṣílè 5, nítorí náà ṣílè 30 ni wọ́n ń sọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1968, wọ́n kó ẹ̀hónú wọn dé Mápó. Ọ̀rọ̀ di wàhálà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìjọba Adéyínká Adébáyọ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Ayọ̀ọlá, ṣùgbọ́n ìjà ò tán. Ọdún 1969 ni wọ́n tó dín owó-orí kù sí pọ́ùn 2.

Mápó lónìí

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbé ọ̀pá àṣẹ fún Olúbàdàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ibẹ̀ ni Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti gbé e fún Ọba Rashidi Ládọjà. Ilé kan náà ló gba oyè, tó gba ìgbéyàwó, tó sì gba ẹ̀hónú.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i dáadáa

Ọjọ́ ìnáwó kọ́ ni kéèyàn lọ wo ilé náà. Ìlù á ti gbalẹ̀, mọ́tò á ti kún ojú ọ̀nà, àga á sì ti dí inú gbọ̀ngàn. Àárín ọ̀sẹ̀ ló dáa jù, kéèyàn kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bóyá àyè wà láti wọlé. Òwúrọ̀ sàn ju ọ̀sán lọ, torí oòrùn orí òkè ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Kí àlejò dúró níwájú ilé náà, kó wo òrùlé páànù tó ti dípata, tó tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀. Yóò rí ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ síbẹ̀: kí gbogbo ìlú lè máa rí ìjọba lókè.

Àmọ́ ohun tó dáa jù níbẹ̀ kò sí lára ògiri. Ọmọ ogún ọdún lọ́dún 1968 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Irú àwọn bàbá àti ìyá bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní abúlé, wọn ò sì pọ̀ mọ́. Kí ọmọ tó ń lọ jó ní Mápó kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n, kó béèrè ohun tí wọ́n rí, kó sì gbà á sórí fóònù rẹ̀. Tó bá wá gun òkè náà, yóò mọ ilẹ̀ tó ń jó lé lórí.