Ìjọba, Àṣẹ àti Ìlú: Ọ̀rọ̀ Àkọ́sọ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ìṣèlú, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ìwéré-Ilé

1. Ìfáárà

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti Ìwéré-Ilé ní Òkè-Ògùn wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú yóò bá orúkọ Aristotle, Max Weber àti David Easton pàdé kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé ìlú tí ó ti wá ti fi púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí ń wí hàn án. Ààfin Onìwéré wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà. Ààlà tí ó pín Nàìjíríà níyà sí Bẹ̀nẹ̀ kò sì jìnnà sí i ní ìhà ìwọ̀-oòrùn.

Easton sọ ní 1953 pé ohun tí ìṣèlú dá lé lórí ni pípín àwọn ohun tí àwùjọ kà sí iyebíye, ní ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ní láti tẹ̀ lé. Ta ni yóò pín in? Kí ni ó fún un láṣẹ? Níbo ni agbára rẹ̀ dé mọ? Àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí ni a ó fi wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè ń lò lójoojúmọ́: ìjọba, àṣẹ àti orílẹ̀-èdè. Èrò wa ni pé èdè Yorùbá ti ní púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ tí ẹ̀kọ́ yìí ń béèrè, ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ ìwé ni a ti jẹ́ kí ó dàpọ̀.

2. Ìjọba: ọ̀rọ̀ kan, ẹrù mẹ́rin

Gẹ̀ẹ́sì ní "state", "government", "regime" àti "kingdom". Nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò wa, "ìjọba" ni ó ń ru ẹrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A ń sọ nípa ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́. A ń sọ pé ìjọba ológun dé ní 1966. A ń sọ pé ìjọba ti gbé òfin tuntun jáde. A sì ń sọ pé ilẹ̀ kan jẹ́ ti ìjọba. Nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà kò da wọ́n pọ̀. Wọ́n ní ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. "Ìgbà" tí wọ́n wí yìí ni sáà àti irú àkóso tí ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan ṣe. Ọba a máa wàjà. Ìlú kì í wàjà. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ Aláàfin, kí ó sì di dandan fún un láti kú, síbẹ̀ ìtẹ́ àti ìlú yóò wà, wọn yóò sì wá ẹlòmíràn jẹ. Ìlú ni ohun tí ó dúró. Ẹni tí ń ṣàkóso rẹ̀ ni ó ń yí padà. Inú ọ̀rọ̀ "ìlú" yìí kan náà ni a ti rí "ìṣèlú", "ọ̀tá ìlú" àti "ọ̀rọ̀ ìlú".

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo Ìwéré-Ilé. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn ni ìlú náà wà. Ní 1967 ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn. Ní 1976 ó di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn ológun gba àkóso ní 1966, wọ́n gbé e sílẹ̀ ní 1979, wọ́n tún gbà á ní òpin 1983, àwọn alágbádá sì padà dé ní 1999. Ìgbà yí padà, ètò àkóso yí padà, àwọn aláṣẹ yí padà. Nàìjíríà kan náà ni ó jẹ gbèsè, tí ó sì fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ mìíràn.

Ọ̀ràn yìí ju ọ̀ràn ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń pe owó orí àti owó epo ní "owó ìjọba" a máa rò pé ti àwọn tí ó wà lórí oyè ni. Bí wọ́n bá kó o jẹ, ohun ara wọn ni wọ́n jẹ. Ẹni tí ó bá pè é ní "owó ìlú" mọ̀ pé òun náà ní ìpín níbẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yóò rò pé ẹni tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu aláṣẹ ti di ọ̀tá ìlú.

3. Agbára àti àṣẹ: ẹ̀kọ́ 1916

Nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní Munich ní 1919, Weber ya agbára lásán sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ tí àwọn ènìyàn gbà pé ó tọ́. Ó ní orísun mẹ́ta ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní: àṣà àtayébáyé, ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ tí ó wà lára ẹnì kan, àti òfin tí a kọ sílẹ̀. Ní Ìwéré-Ilé, àkọ́kọ́ wà ní ààfin, ìkẹta wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ọ̀rọ̀ Weber, Òkè-Ògùn ti fi ìyàtọ̀ náà hàn. Lẹ́yìn tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ ní 1914, òfin kóòtù ìbílẹ̀ jáde ní ọdún kan náà. Captain Ross, ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́, fi ọlá Aláàfin Ládìgbòlù kìíní ṣe òpó ètò tuntun náà. Ẹjọ́ tí àwọn ará ìlú ń parí láàárín ara wọn bọ́ sọ́wọ́ kóòtù. Owó ìtanràn àti iṣẹ́ àfipáṣe ń ni wọ́n lára. Ní 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèihò dìtẹ̀. Ẹ̀mí àwọn aláṣẹ bá a lọ, ìjọba sì kó ọmọ ogun wá tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó Òkèihò kúrò lórí òkè wá sí ibùdó rẹ̀ òde òní. J. A. Atanda ni ó kọ ìtàn yìí ní kíkún fún àwọn onímọ̀.

Kóòtù wà, ọlọ́pàá wà, ìwé òfin wà. Agbára kò wọ́n wọn. Ìtẹ́wọ́gbà ni ó wọ́n. Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà sì ti ní èyí nínú: bí àgbà bá wúre, àwọn tí ń gbọ́ ni í dáhùn pé "Àṣẹ!" Bí wọ́n bá dákẹ́, ìdákẹ́ náà ní ìtumọ̀.

4. Orílẹ̀-èdè àti ààlà

Ní oṣù kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tí ó ya ilẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Nàìjíríà kúrò lára Dàhómì, tí ó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Ìlà náà la ilẹ̀ Yorùbá já: Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìwéré-Ilé bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí A. I. Asiwaju, tí ó jáde ní 1976, fi hàn pé nígbà tí iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó ènìyàn sógun ni àwọn ará ìhà Faransé lára, ọ̀pọ̀ wọn kó ẹrù, wọ́n sá kọjá ààlà wá sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan dìtẹ̀, àwọn kan fi ẹsẹ̀ kọ̀. Ìṣèlú ni méjèèjì.

Nígbà náà, kí ni "orílẹ̀-èdè"? Bí a bá tẹ̀ lé ìhun ọ̀rọ̀ náà, orílẹ̀ àti èdè, ará Kétu àti ará Ìwéré-Ilé jẹ́ ọ̀kan. Bí a bá tẹ̀ lé ìwé ìròyìn, orílẹ̀-èdè méjì ni wọ́n, Nàìjíríà tí èdè inú rẹ̀ ju igba lọ sì jẹ́ orílẹ̀-èdè kan. Ìlò yìí ti fìdí múlẹ̀, a kò lè fà á tu mọ́. Ohun tí olùkọ́ lè ṣe ni kí ó fi ìyàtọ̀ náà han akẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ kìíní.

5. Àbá

Fún kíláàsì ọdún kìíní, a dá a lábàá pé:
(i) kí "ìlú" dúró fún àwùjọ olóṣèlú tí kì í kú, kí "ìjọba" sì dúró fún àwọn tí ń ṣàkóso rẹ̀;
(ii) kí "ìgbà" dúró fún sáà aláṣẹ kan, "ètò ìjọba" fún ìlànà àkóso, "ilẹ̀ ọba" fún ibi tí ọba ń jẹ lé lórí;
(iii) kí "agbára" má ṣe rọ́pò "àṣẹ", kí a sì pe ohun tí ó wà láàárín wọn ní "ìtẹ́wọ́gbà";
(iv) kí a máa fi "ẹ̀yà" tàbí "ìran" kún àlàyé níbi tí "orílẹ̀-èdè" bá lè ṣini lọ́nà.

Àtakò kan wà: "ìlú" tún jẹ́ Ìwéré-Ilé, ó tún jẹ́ Ìsẹ́yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí àwọn ará Yúróòpù ti yọ orúkọ ẹ̀kọ́ yìí, ìlú kan ṣoṣo ni ó ń tọ́ka sí nígbà ayé Aristotle, kò sì dí wọn lọ́wọ́.

6. Ìgúnlẹ̀

Abala 55 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gba Yorùbá láyè pẹ̀lú Hausa àti Ìgbò nínú Ilé Aṣòfin Àpapọ̀, bí ètò tó péye bá ti wà fún un. Ètò náà kò lè péye láìsí ọ̀rọ̀ tó péye, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sì ni a ti ń dán ọ̀rọ̀ wò. Orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ògùn ti ń fọnrere ìmọ̀ yìí fún ẹni tí ó bá fetí sí i: a gbọ́ "jọ là" nínú Kájọlà, a gbọ́ "jọ wà" nínú Ìwàjọwà. Bí a ó ṣe jọ wà, tí a ó sì jọ là, ni gbogbo ohun tí ìmọ̀ ìṣèlú ń wádìí.