Ìwé lórí òwò tíátà: ohun tí ẹ sọ, àti èsì mi

Ẹ̀yin ará wa ní Lókọ́ja. Ádímínì yín ni. Ẹni tí kò ráyè gbọ́ ohùn, ó ti wà ní kíkọ báyìí.

Lóṣù tó kọjá, mo sọ̀rọ̀ ìwé méjì fún yín. Ọ̀kan ni èyí tí Ebun Clark kọ lórí Hubert Ògúńdé, tó jáde ní 1979. Èkejì ni ti Karin Barber, 2000, lórí ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo. Èdè Òyìnbó ni méjèèjì, èmi àti ọmọ mi la jọ kà wọ́n. Àwọn kan ní kí ló kan oníṣòwò nínú tíátà. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Òwò ni jàre. Ògúńdé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Bíi tiwa ni: ìlú onílùú ni wọ́n ń gbé ọjà lọ. Wọ́n á san owó ọkọ̀, wọ́n á san owó gbọ̀ngàn, wọ́n á kéde káàkiri ìgboro lọ́sàn-án, kí wọ́n tó gba owó lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́. Bí òjò bá rọ̀ tí èrò ò wá, owó gbọ̀ngàn ti lọ nìyẹn. Bí ìjọba bá bínú ńkọ́? Ní Jọ́ọ̀sì, 1946, wọ́n dá eré rẹ̀ dúró, wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Ní 1964, nítorí eré Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ náà, ó di 1966 kí àwọn ológun tó gbé òfin kúrò.

Bàbá wa tó ń ta táyà ní ẹ̀kọ́ tòun nìyẹn: má fi gbogbo owó sójú kan.

Ọ̀dọ́ tó ń ta fóònù ní ti Adéjọbí ló dun òun jù. Àwọn ọmọṣẹ́ á wá kọ́ṣẹ́, wọ́n á mọ̀ ọ́n tán, wọ́n á lọ dá tiwọn sílẹ̀. Báyìí ni ẹgbẹ́ fi lé ní ọgọ́rùn-ún nígbà tó di nǹkan bíi 1980.

Mo tún mẹ́nu ba Bàbá Sàlá. Ó ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè sì da ẹ̀dà rẹ̀ sígboro kí ó tó jèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń da fíìmù sí fóònù èèyàn, máàkì búlúù méjì ti yọ, ẹ ò fèsì o.

Ọ̀rọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀ ni ti àwọn ìyàwó. Nígbà yẹn, alágbe ni aráyé ń pe òṣèré, àwọn òbí ò fẹ́ fọmọbìnrin wọn sílẹ̀. Ògúńdé wá fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀, kí ẹgbẹ́ má bàa tú. Àwọn ọkùnrin inú gúrúùpù ní ọgbọ́n ni. Ìyá wa tó ń ta aṣọ wá béèrè pé: ẹni tó ń jó, tó ń kọrin, tó tún ń se oúnjẹ, èèyàn mélòó nìyẹn? Ta ló san owó oṣù rẹ̀? Gbogbo wa dákẹ́.

Èmi náà dákẹ́. Ọdún kẹrìnlá rèé tí ìyàwó mi ti ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí ara rẹ̀ ò yá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gba ọmọge kan, mo san owó fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣí ìwé ìṣírò mi, n kò rí orúkọ ìyàwó mi níbì kankan. Èrè tí mo ń pè ní èrè, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Láti oṣù yìí, ó ti ní ìlà tirẹ̀. Ẹ lọ wo ìwé tiyín náà. Ẹni tó bá fẹ́ jà sí i, kí ó fi ohùn ránṣẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó dàárọ̀ o.