Ọmọ Ìyá Kan, Ọ́tísìmù Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lè ní ọ́tísìmù, kí ọ̀kan má fọhùn rárá, kí èkejì sì máa ròyìn ọkọ̀ ojú irin láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. A sì máa ń rí bàbá tí dókítà kankan ò yẹ̀ wò rí, tí ariwo àti àyípadà òjijì máa ń ni lára gẹ́gẹ́ bíi ti ọmọ rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn onímọ̀ kan di ẹ̀bi ọ́tísìmù ru ìyá. Wọ́n ní ìyá tí kò fìfẹ́ hàn sọ́mọ ló fà á. Ìkà ọ̀rọ̀ gbáà ni, kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ìbejì 21, ìyẹn ọmọ 42, ní Britain. 11 nínú àwọn ìbejì náà ló ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, tí jíìnì wọn bára mu. Ẹyin méjì ló bí 10 yòókù, irú èyí tó pọ̀ jù láàárín ìbejì ilẹ̀ Yorùbá. Nínú 11 ti ẹyin kan, mẹ́rin ni ọmọ méjèèjì ti jọ ní ọ́tísìmù. Nínú 10 yòókù, kò sí ìkankan. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé nígbà tí wọ́n ka ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ àti ti òye mọ́ ọn, mẹ́rin yẹn di mẹ́sàn-án, ti àwọn yòókù ò sì ju ọ̀kan lọ. Ohun tí ìbátan fi ń jọra gbòòrò ju ọ́tísìmù gan-an lọ: ẹnì kan lè ní in, kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó pẹ́ kó tó yọ lẹ́nu nìkan la máa rí lára ọmọ ìyá rẹ̀.

Kí ló wá dé tí àwọn tó ní in gan-an kì í fi í jọra? Ìdáhùn kan ti Toronto wá ní 2015. Stephen Scherer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jíìnì ìdílé 85 wò, tí ọmọ méjì ti ní ọ́tísìmù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí ìyípadà jíìnì tó tan mọ́ ọn nínú ìdílé 36. Èèyàn á rò pé ohun kan náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò máa gbé. Rárá o. Nínú ìdílé 25, èyí tó wà lára ẹ̀gbọ́n kọ́ ló wà lára àbúrò. Àwọn tó jọ gbé ẹyọ kan náà ló sì túbọ̀ jọra ní ìṣesí.

Jíìnì nìkan sì kọ́. Ní ìparí 2019, John Constantino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n rí lára ìbejì ẹlẹ́yin kan 366: bí ọ̀kan bá ní ọ́tísìmù, ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ni pé èkejì náà ní in. Àmọ́ bó ṣe le tó lára wọn yàtọ̀ gan-an, jíìnì ò sì ṣàlàyé ju ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ náà lọ.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi kì í fi í balẹ̀ nígbà tí òbí bá ní àbúrò ò lè ní in torí pé kò ṣe bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú ọmọ 1,605 tí ẹ̀gbọ́n wọn ní ọ́tísìmù, tí Sally Ozonoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ní 2024, nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in. Bí ẹ̀gbọ́n bá jẹ́ obìnrin, ó ń lọ sí ìdá 35. Ẹ wo àbúrò fúnra rẹ̀. Ṣé ó ń dáhùn sí orúkọ rẹ̀? Ṣé ó ń nàka sí ohun tó fẹ́ kí ẹ jọ wò? Bí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó pé ọdún kan àbọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé, kódà bí kò bá jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbì kankan.