Fóònù Òkèèrè àti Gàráǹtì Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní ilẹ̀ Faransé tí í fi fóònù tuntun ránṣẹ́ sílé. Bí ó bá bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ńkọ́? Òbí mìíràn a máa bínú pé ayédèrú ni ọmọ rà. Ọ̀rọ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀.

Gàráǹtì ni ìlérí pé a ó tún ọjà tó lábùkù ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Faransé, òfin fi ọdún 2 lé olùtajà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó tà á ni òfin náà dè, kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù pàápàá lè fi gàráǹtì tirẹ̀ mọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti tà á.

Nítorí náà, kí àwọn ọmọ wa bi olùtajà léèrè bóyá gàráǹtì náà dé ilẹ̀ wa. Kí wọ́n pa ìwé ìsanwó mọ́, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà tó ń hàn bí a bá tẹ *#06# sílẹ̀. Bí gàráǹtì kò bá dé ọ̀dọ̀ wa, ó lè sàn kí a rà á nílé, lọ́wọ́ ẹni tí a mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.