ÌJÀ ÀWỌN LỌ́KỌLÁYA TÍ WỌ́N ṢẸ̀ṢẸ̀ SO YÌGÌ

Bismillahi Rahmani Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Allah. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. 

Ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ àwa àáfáà ní Agbabu níbí, ohùn kan náà ni púpọ̀ nínú wọn. Ìyàwó á ní, "Bàbá, bí mo bá bá a sọ̀rọ̀, kì í dá mi lóhùn. Á gbé ọ̀kadà, ó di Ọ̀rẹ̀." Ọkọ á ní, "Àáfáà, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo ń sá kí n má baà sọ ohun tí n kò ní lè kó padà ni." Gbólóhùn ìkọ̀sílẹ̀ ni ọkọ ń sá fún. Ìyàwó ní tirẹ̀ rò pé ó ti kọ òun nìyẹn. Bí ọ̀kan ṣe ń sá ni èkejì ń lé e.

Níbo ni ìwà yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀mọ̀wé obìnrin kan, Mary Ainsworth, dé Uganda ní 1954, ó ń wo àwọn ìyá àti ọmọ ọwọ́ nínú ilé wọn. Nígbà tó yá, ó tún ṣe irú iṣẹ́ náà ní Baltimore ní Amẹ́ríkà. Ó rí oríṣi ọmọ mẹ́ta. Èkíní, bí ìyá bá jáde á sunkún, bí ìyá bá dé á dákẹ́, á padà sídìí eré. Èkejì, bí ìyá tilẹ̀ ti gbé e, á dì mọ́ ọn, síbẹ̀ kò ní yé sunkún. Ẹ̀kẹta á ṣe bí ẹni pé kò rí i, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ó dùn ún nínú. Ní 1987, ọ̀mọ̀wé méjì, Hazan àti Shaver, fi hàn pé irú mẹ́ta yìí náà wà láàrin àwọn àgbà tí wọ́n fẹ́ra.

Kì í ṣe kádàrá o. Ìwà tí a kọ́, a lè kọ́ òmíràn lé e.

Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ànábì wọ ilé ọmọ rẹ̀ Fátímà, kò bá Alí nílé. Ó bi í léèrè ọkọ rẹ̀. Fátímà ní ohun kan ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn, ó bínú jáde. Ànábì kò bèèrè ta ló jẹ̀bi. Ó wá Alí lọ sí mọ́sáláásí, ó bá a lórí ilẹ̀, erùpẹ̀ ti bò ó lára. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu erùpẹ̀ náà, ó ń pè é ní Abu Turab, Bàbá Erùpẹ̀, pé kó dìde. Alí fẹ́ràn orúkọ yẹn títí ó fi kú. Àna ọkùnrin mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí?

Nítorí náà, ìwọ ọkọ, bí o bá fẹ́ jáde kí inú rẹ lè rọ̀, sọ ìgbà tí o máa dé, kí o sì dé nígbà náà. Ìwọ ìyàwó, bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, má tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wa la mọ ọ̀dà dúdú tí ń sun láti inú ilẹ̀ Agbabu. Bí oòrùn bá mú, á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Bí ilẹ̀ bá tutù, á le, a ó gbà á kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ìbínú. Ànábì ní kí ẹni tó ń bínú lórí ìdúró jókòó. Bí kò bá lọ, kó dùbúlẹ̀.

Bí ó bá ju agbára àwọn méjèèjì lọ, Suratu Nisai, ẹsẹ 35, pàṣẹ onílàjà kan láti ilé ọkọ, ọ̀kan láti ilé ìyàwó. Kì í ṣe ọ̀rẹ́, kì í ṣe aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí lílù bá ti wọ̀ ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi sùúrù bo ọmọ yín mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú un kúrò níbẹ̀.

Àwa àáfáà náà jẹ̀bi. A ń so yìgì, a ń jẹun, a ń lọ. Láti ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ ká máa padà lọ wò wọ́n.

Kí Ọlọ́run fi ìfẹ́ àti àánú sí àárín àwọn ọmọ wa, kó gba ààwẹ̀ wa. Aamin.