Bí Àṣà Àwọn Ará Íńdíà Ṣe Di Àjọni ní Erékùṣù Trinidad

Ìfáàrà
Yorùbá gbà pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Síbẹ̀, ìtàn fi yé wa pé àwọn kan wà tí àjò di ilé mọ́ lọ́wọ́. Irú wọn ni àwọn ará Íńdíà tí wọ́n kó lọ sí erékùṣù Trinidad, ní agbègbè Karíbíà. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí wọ́n ṣe pa àṣà wọn mọ́, àti bí àṣà náà ṣe di ohun tí àwọn ẹ̀yà mìíràn ń bá wọn pín. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé gbígbé pọ̀ nìkan kò tó láti bí òye. Ìkópa aládùúgbò ló ń bí i, òfin tó dọ́gba ló sì ń dáàbò bò ó.

Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀
Nígbà tí àwọn ẹrú gba òmìnira kíkún ní 1838, àwọn olóko ìrèké bẹ̀rẹ̀ sí í wá alágbàṣe olówó pọ́ọ́kú. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kárùn-ún, 1845, ọkọ̀ Fatel Razack gúnlẹ̀ pẹ̀lú ará Íńdíà tó lé ní 200. Kí ètò náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1917, àwọn tó dé lé ní 140,000. Púpọ̀ nínú wọn kò padà sílé mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà ń pe ara wọn ní jahaji, wọ́n sì ka ara wọn sí ẹbí.

Ìdènà tí wọ́n bá pàdé
Ọdún Hosay, tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe ìrántí ikú Hussein, kì í ṣe ti Mùsùlùmí nìkan ní Trinidad. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù àti àwọn ọmọ Áfíríkà a máa bá wọn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ní 1884, ìjọba amúnisìn kò jẹ́ kí wọ́n wọ ìlú San Fernando. Wọ́n yìnbọn lù wọ́n, ó kéré tán ènìyàn 16 ló kú. Bákan náà, òfin kò ka ìgbéyàwó Híńdù sí títí di àárín àwọn ọdún 1940. Ní 1952, wọ́n wó tẹ́ńpìlì tí Sewdass Sadhu kọ́ sí Waterloo, nítorí pé orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló wà. Lẹ́yìn tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé, ó tún un kọ́ sínú òkun, níbi tí kò sí ẹni tó lè pè é ní tòun.

Àwọn ọmọ Áfíríkà náà jẹ nínú ìyà yìí. Láti 1917 di 1951, òfin de àwọn ẹlẹ́sìn Spiritual Baptist. Àwọn olórìṣà, tí ẹ̀sìn wọn ti ilẹ̀ Yorùbá ṣẹ̀ wá, kò sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá.

Bí àṣà ṣe di àjọni
Oúnjẹ ṣíwájú. Doubles, ìpápánu tí wọ́n fi ẹ̀wà channa sáàárín bara méjì, bẹ̀rẹ̀ ní Princes Town ní àwọn ọdún 1930. Lónìí, kò sí ẹ̀yà tí kì í rà á láàárọ̀. Orin àti ìlù tẹ̀ lé e. Ní 1987, Drupatee Ramgoonai pa orin chutney pọ̀ mọ́ soca. Àwọn àgbà Híńdù kan bẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n orin náà fìdí múlẹ̀. Ní Siparia, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù máa ń wá bọlá fún ère Màríà ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Sipari Mai ni wọ́n ń pè é.

Ìjọba ti sọ ọjọ́ Divali di ọjọ́ ìsinmi ní 1966. Láti 1986, National Council of Indian Culture ti ń ṣètò Divali Nagar ní Chaguanas, níbi tí aládùúgbò ti lè jẹun, kí ó wòran, kí ó sì béèrè ìtumọ̀ ohun tí ó rí.

Àgbálọgbábọ̀
A kò lè sọ pé ìfura ti tán. Ẹ̀yà ṣì ń darí ìbò púpọ̀; 1995 ni ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́, Basdeo Panday, tó di olórí ìjọba. Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ 1884 fi hàn pé òye ti ń hù láàrin àwọn mẹ̀kúnnù kí ìjọba tó fi ìbọn tú wọn ká. Ẹni tó bá ń wá ìrẹ́pọ̀ láàrin ẹ̀yà, irú àyè bẹ́ẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ dáàbò bò.