Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀: Bí àwòrán iwájú ṣe ń ta géèmù, tó sì tún ń ba ọjà rẹ̀ jẹ́

Bí ọ̀dọ́ kan bá jókòó sí Ayépé-Ìjẹ̀bú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbólú, ìpínlẹ̀ Ògùn, tó fi ọdún mẹ́ta gbáko ṣe géèmù kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò sí ohun tó ní kó má tà á fún ẹni tó wà ní Tokyo tàbí London. Iná lè máa lọ kó máa bọ̀, owó dátà sì lè wọ́n, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọjà náà ṣí sílẹ̀. Steam, tí ilé-iṣẹ́ Valve ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, ni ọjà tó tóbi jù lọ fún géèmù orí kọ̀ǹpútà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2017, 100 dọ́là ni ẹnikẹ́ni ń san kó tó lè pàtẹ géèmù kan síbẹ̀, wọ́n sì máa ń dá owó náà padà bí ọjà rẹ̀ bá ti tà tó 1,000 dọ́là.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé bí ilẹ̀kùn náà ṣe ṣí sílẹ̀ fún ọmọ Ayépé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Lọ́dún 2024 nìkan, géèmù tó lé ní 18,000 ni wọ́n gbé jáde lórí Steam. Ẹni tó bá ń yẹ 40 wò lójoojúmọ́ kò ní lè wò wọ́n tán láàárín ọdún kan. Nítorí náà, oníbàárà kì í ka àlàyé, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbọ́ orin inú rẹ̀, kó tó pinnu bóyá òun yóò dúró tàbí òun yóò kọjá. Àwòrán kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ rí. Àwòrán yìí, tó dà bí èèpo ẹ̀yìn ìwé tàbí páálí sinimá àgbéléwò, ni ojú tí géèmù fi ń kí ayé. Ìrínisí sì ni ìsọnilọ́jọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń wí.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni bí àyè tó ní ṣe kéré tó. Píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì tíntìntín tí àwòrán fi ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Lára èyí tí Steam ń béèrè ni àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1,232, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 706, àti òmíràn tó dúró gbọọrọ, tó jẹ́ 748 ní ìbú àti 896 ní gíga. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tó jẹ́ 462 ní ìbú àti 174 ní gíga, ni Steam tún máa ń sún kì títí tí yóò fi di 120 ní ìbú àti 45 ní gíga. Kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ lójú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wá ohun tí wọ́n fẹ́ rà gan-an ni irú rẹ̀ máa ń hàn.

Níbí ni àṣà tó ti mọ́ni lára nílẹ̀ Yorùbá ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ọ̀sọ̀sà, ìlú Olóyè Hubert Ògúndé tó dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1945, kò jìnnà sí Ayépé. Ìjọba ìbílẹ̀ Odògbólú kan náà ni ìlú méjèèjì wà. Láyé àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri, pósítà ara ògiri wà lára ohun tó ń kó èrò wá síbi eré. Nígbà tí sinimá àgbéléwò gbòde láwọn ọdún 1990, àṣà náà bọ́ sára páálí fídíò: ojú òṣèré mẹ́fà tàbí méje, ilé ńlá, mọ́tò bọ̀gìnnì, iná tó ń jó, àti orúkọ gbogbo ẹni tó kópa.

Pósítà lè gba gbogbo èyí, nítorí ẹni tó ń kọjá lè dúró wò ó dáadáa, àwọn òṣèré náà sì ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àmọ́ ẹni tó wà nínú géèmù tuntun kò tíì ní olólùfẹ́ kankan. Bí wọ́n bá kó ojú méje sínú àyè tí kò ju àtàǹpàkò lọ, kò sí ọ̀kan tí yóò hàn. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí àwòrán náà gbé síwájú: ènìyàn kan, ẹranko kan, tàbí iṣẹ́ kan tí ẹnì kan ń ṣe lọ́wọ́. Kí àwọ̀ ohun náà yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹ̀yìn rẹ̀, kí orúkọ géèmù sì tóbi débi pé ẹni tó ń yára kọjá yóò lè kà á.

Orúkọ fúnra rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ Maliyo Games, tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2012, ṣe géèmù kan tó ń jẹ́ Okada Ride, níbi tí ẹni tó ń gbá a ti ń gun ọ̀kadà láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. Orúkọ náà ti sọ ohun tó wà nínú géèmù tán. Àwòrán ọ̀kadà kan ti tó láti parí ọ̀rọ̀. Ti ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games, tí Olivier Madiba dá sílẹ̀ ní Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, yàtọ̀ sí èyí. Géèmù tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2016 ń jẹ́ Aurion: Legacy of the Kori-Odan, ìtàn ọmọ ọba Enzo àti aya rẹ̀ Erine, tí wọ́n fi ọ̀tẹ̀ gba ìtẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìwúyè. Kò sí bí orúkọ tó gùn tó báyìí ṣe lè hàn tán nínú píksẹ́lì 120. Ohun tó bọ́gbọ́n mu fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tóbi, kí ìyókù wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú àwòrán tó kéré jù, kí ìyókù kúrò ńlẹ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n àwòrán lè hàn kedere kó sì jẹ́ irọ́. Nígbà tí wọ́n ń ta Mega Man, géèmù tí ilé-iṣẹ́ Capcom ti Japan ṣe lọ́dún 1987, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ti dàgbà, tó mú ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́, ni wọ́n yà sára páálí rẹ̀. Ẹni tó wà nínú géèmù náà gan-an jẹ́ róbọ́ọ̀tì tó rí bí ọmọdékùnrin, apá rẹ̀ ló sì ń di ìbọn. Páálí náà di ohun ẹ̀fẹ̀ títí dòní. Capcom fúnra rẹ̀ fi ọkùnrin ara páálí ọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́ nínú géèmù mìíràn lọ́dún 2012.

Ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀ lónìí, owó ni yóò fi jìyà. Láti ọdún 2015 ni Steam ti ń dá owó padà fún oníbàárà tó bá béèrè láàárín ọjọ́ 14, bí kò bá tíì gbá géèmù náà tó wákàtí méjì. Bí géèmù bá jẹ́ ti ìrònú bí ayò ọlọ́pọ́n, kí wọ́n má ya jagunjagun tó yọ idà. Bí Ṣàngó bá sì wà nínú rẹ̀, oṣé ló yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe òòlù òrìṣà àwọn òyìnbó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Òfin tún wà tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Steam kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ àmì-ẹ̀yẹ, ọ̀rọ̀ ìyìn àwọn oníròyìn tàbí ẹ̀dínwó sára àwòrán yìí. Orúkọ géèmù nìkan ni wọ́n fàyè gbà. Nílé pẹ̀lú, bí ẹlòmíràn bá bá ènìyàn ya àwòrán rẹ̀, kí ìwé àdéhùn wà. Lábẹ́ òfin ọdún 2022 tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó tí òun san nìkan ti sọ iṣẹ́ ayàwòrán di ti òun.

Ìdánwò rẹ̀ kò nira. Kí wọ́n sún àwòrán náà kì sórí fóònù, kí wọ́n sì na ọwọ́ jáde wò ó. Kí wọ́n yí i sí dúdú àti funfun, kí wọ́n wò ó bóyá ohun tó wà níwájú ṣì yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Kí wọ́n tò ó sáàárín ogún géèmù irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi han ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí wọ́n bò ó, kí wọ́n sì bi í ní ohun tó rí. Bí kò bá lè sọ ọ́, iṣẹ́ kù.

Steam a máa fi han oníṣẹ́ iye ìgbà tí àwòrán rẹ̀ hàn àti iye ìgbà tí àwọn ènìyàn tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ọ̀pọ̀ bá rí i, tí àwọn tó wọlé kéré, àwòrán ni kó tún ṣe. Bí ọ̀pọ̀ bá wọlé tí wọn kò rà á, kó wá ẹ̀bi sínú ilé: àlàyé, fídíò, iye owó, tàbí géèmù náà fúnra rẹ̀.

Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí géèmù yóò jáde ni Steam ti fẹ́ kí ojú ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀. Èyí fi hàn pé àwòrán iwájú kì í ṣe iṣẹ́ òru ọjọ́ tó ṣẹ́kù. Ọmọ Ayépé tó fi ọdún mẹ́ta ṣe géèmù ò gbọdọ̀ fi ọ̀sán kan ya ojú rẹ̀, nítorí ojú yẹn nìkan ni ẹni tó wà ní Tokyo yóò rí kó tó mọ̀ pé ẹnì kan wà ní Ìjẹ̀bú tó ti ṣiṣẹ́.